Ọkọ̀ oníná tí mò ń wà: èéfín rẹ̀ tí a kò rí ńkọ́?

Ọkọ̀ yìí dùn ún wà, mi ò ní purọ́. Kò pariwo, kò ń mu ọ́ọ̀lì, èéfín kan kì í sì í jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó tà á fún mi ń fọ́nnu pé kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́ rárá. Ìyẹn kì í ṣòótọ́.

Kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, èéfín tó ti dá sílẹ̀ ti ju ti ọkọ̀ oníbẹntiróòlù ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bátìrì ló fà á. Àtiwa lithium, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, jáde nínú ilẹ̀ ní Australia àti Chile, àtiyọ́ ọ, àtisọ ọ́ di bátìrì, iná ńlá ló ń jẹ. Cobalt, èròjà míì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tún wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì: Congo ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, a sì ń rí ọmọdé lára àwọn tó ń wa á. (Bátìrì LFP, ìyẹn èyí tí wọ́n fi lithium, irin àti phosphate ṣe, ni mo mú, torí kò ní cobalt nínú.) Gbèsè èéfín ni ọkọ̀ náà fi wáyé, ìrìn ló fi ń san án.

Bó ṣe máa tètè san án tán, ọwọ́ iná tí ẹ fi ń ṣáàjì rẹ̀ ló wà. Àjọ ICCT, tó ń ṣèwádìí nípa bí ọkọ̀ ṣe ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ṣírò ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2021, látorí ìwakùsà títí dórí ìgbà tí ọkọ̀ bá di àlòkù tí kò wúlò mọ́. Ní Yúróòpù, èéfín rẹ̀ fi ìdá 66 sí 69 nínú 100 kéré sí ti oníbẹntiróòlù. Ní Íńdíà tí wọ́n ti ń fi èédú pèsè iná, ìdá 19 sí 34 péré ni. Irú ọkọ̀ kan náà o!

Ohun kan yà mí lẹ́nu: dísìkì bíréèkì mi ń dípẹtà. Tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò níbi tí à ń tẹ̀ fún eré, ẹ́ńjìnì oníná náà fúnra rẹ̀ á dẹwọ́ eré, á sì dá iná padà sínú bátìrì, bíréèkì kì í fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Eruku bíréèkì dín kù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wúwo, táyà mi sì ń tètè fá. Inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti odò ni eruku rọ́bà yẹn ń lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan torí pé wọ́n lẹ bátìrì náà pa: tí ẹyọ kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, odindi ni wọ́n máa ní kí èèyàn pààrọ̀.