Igi sẹ́rì 'Japan' tí mo rà n'Íjẹ̀bú-Òde

Ẹ má tíì sanwó o, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Ọlọ́gbà òdòdó kan n'Íjẹ̀bú-Òde níbí (mi ò ní dárúkọ wọn) ló tà á fún mi, mo ní ṣé kì í ṣe agbálùmọ̀ lẹ ń pè ní sẹ́rì báyìí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n, ti Japan ni, gbogbo àdúgbò á máa wá ya fọ́tò."

Ó rúwé dáadáa ṣá, mo ń bomi rin ín, mo fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sídìí ẹ̀, ọdún kejì rèé, òdòdó kan ṣoṣo ò yọ. Ìgbà tí mo wádìí ni mo tó mọ̀ pé sẹ́rì olódòdó gbọ́dọ̀ fara gba òtútù gidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè tanná, l'Ọ́sàkà àti Tókyò ìparí March sí April ló ń tàn. Ọyẹ́ Ìjẹ̀bú wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn, èyí tí ò ju kó bó wa létè lọ!

Mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní kí n máa da áìsì blọ́ọ̀kù sídìí ẹ̀. Ṣé igi ni àbí ẹja tútù?

Ọmọ tó bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ní sùúrù, ilẹ̀ dúdú inú ìkòkò náà dáa, torí ẹ̀ ni mo ṣe fún wọn ní ìràwọ̀ méjì. Òdòdó íksórà ni mo gbìn síwájú ilé báyìí, ìyẹn ti pọ́n wẹ̀ẹ̀.