Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé ààfin Mysore ti tì

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà nílùú Bengaluru ní India, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gba ìtọ́jú àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣeré dé ìlú Mysore lọ wo ààfin ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí ẹnikẹ́ni bá pàdé yín níwájú ààfin tó ní wọ́n ti tì í, gbájúẹ̀ ni. Òróró olóòórùn dídùn ló fẹ́ tà fún yín.

Ẹnubodè ńlá tó wà lápá ìlà oòrùn, èyí tó ga fíofío tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, ni wọ́n ti ń dọdẹ èèyàn. Àlejò kì í gba ibẹ̀ wọlé. Apá gúúsù, ní ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Varaha, la ti ń wọlé. Onítọ̀hún á kàn nawọ́ sí géètì tó wà ní títì, á ní wọ́n ń ṣe ètùtù lọ́wọ́, ó di aago mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ á sì ti wà nítòsí, irú Bajaj tá à ń wọ̀ l'Ékòó gan-an, India náà kúkú ni wọ́n ti ń kó o wá. Á ní kẹ́ ẹ mú 20 rúpìì, owó India, péré wá, òun á fi ọjà òróró ìjọba hàn yín, òní nìkan ni wọ́n sì ń ná an. Ta ló ń gbé èèyàn mẹ́ta káàkiri ìlú ní 20 rúpìì? Kọmíṣọ̀n tí onísọ́ọ̀bù máa fún un ló ń wò.

Òótọ́ díẹ̀ wà tí wọ́n fi ń ti irọ́ náà lẹ́yìn. Nígbà ọdún Dasara, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìdílé ọba Wodeyar máa ń ṣe ìpàdé ìtẹ́ wúrà tiwọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò wọlé láwọn ọjọ́ kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, àti ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Màmá kan tá a jọ wà nílé àlejò, tó bá ọmọ rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní tíì. Obìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ń yí tùràrí mọ́ igi tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi òróró oríṣiríṣi pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rọra béèrè ohun tó ń dùn ún. Ó ní orúnkún. Kíá, òróró orúnkún yọjú. Ó mẹ́nu ba ọmọ, ti ọkàn náà wà! Ìgò mẹ́ta tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, ló gba owó oúnjẹ wọn tán. Nígbà tó dé, mo kán díẹ̀ sórí bébà. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi fò lọ, àmì ọ̀rá ló kù síbẹ̀ bíi ti òróró ìdáná. Kí wọ́n gbowó èèyàn burú, àmọ́ kí wọ́n tún máa ta oògùn ọkàn fún ìyá aláìsàn, ìkà ni. Ẹ má fi nǹkan wọn kan ojú egbò o.

Ẹni tó bá fẹ́ ọṣẹ tàbí òróró sandalwood, ìyẹn igi olóòórùn dídùn, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Karnataka ń ṣe é, ọṣẹ wọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé iṣẹ́ sílíkì ìjọba náà ti wà láti 1912. Ẹ máa wo ara páálí: òfin India ní kí wọ́n kọ iye tí ọjà kò gbọ́dọ̀ kọjá sí i, ẹ ó rí MRP níbẹ̀. Ìgò tí kò ní in, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Owó ìwọlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa àjèjì ju ti ọmọ onílùú lọ. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ó wà lára pátákó. Ibi tí wọ́n ti ń gba bàtà lọ́wọ́ èèyàn nínú ọgbà ni kẹ́ ẹ kó bàtà yín sí, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé yín. Ààfin náà tó ohun tí èèyàn ń lọ wò: iná ló jó ti àtijọ́, èyí tí wọ́n fi igi kọ́, ni wọ́n fi kọ́ èyí láàárín 1897 sí 1912. Gíláàsì aláwọ̀ mèremère tó ya ọ̀kín, tó wà lókè gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, láti Glasgow ni wọ́n ti gbé e wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ lọ bó bá ṣeé ṣe, torí ní aago méje ni wọ́n máa ń tan gílóòbù tó sún mọ́ 100,000 sára ààfin náà lóde.

Kẹ́ ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n bá dà yín láàmú, 1363 ni nọ́ńbà ìjọba fún àwọn arìnrìn-àjò, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Tó bá di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, 112 ni.