Bóòtù ìwúwo fún igi sínúkà: mo tú ìdí igi mi nílé, ohun tí mo rí nìyí

Bí ẹ bá fẹ́ ra bóòtù ìwúwo, ìyẹn bóòtù kékeré tí wọ́n ń yí sínú ìdí igi tí a fi ń gbá sínúkà kó lè wúwo sí i, kí ẹ lè máa fi agbára fọ́ bọ́ọ̀lù (ìgbá àkọ́kọ́ tó ń tú gbogbo bọ́ọ̀lù ká) ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi owó yín pamọ́. Agbára ni àwọn tó ń tà á ń pariwo, òun náà ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí tèmi. Èmi náà rí oore níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe oore tí wọ́n ń polówó.

Igi alábala méjì ni mo fi ń gbá pool, tí gbogbo wa ń pè ní sínúkà níbí. Ọ́ǹsì 19 ni wọ́n kọ sí i lára. Igi gidi ni, ó tọ́, kò wọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò fi gbogbo ara gbà á. Bí mo bá fẹ́ rọra gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, iwájú igi máa ń wúwo lórí ìka mi, ọwọ́ ẹ̀yìn á wá máa fún ìdí igi mọ́ra kó má baà tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ tó bá sì ti fún igi, ẹ̀yin tó ń gbá a mọ̀ pé bọ́ọ̀lù yẹn kò ní wọ ihò. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n fi páálí bóòtù kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó igi náà.

Fún ẹni tí kò tíì tú igi rẹ̀ wò rí: lábẹ́ rọ́bà dúdú tó wà ní ìdí ọ̀pọ̀ igi alábala méjì, ihò kan wà tó wọnú lọ, wọ́n sì gé tíréèdì, ìyẹn ìlà tí bóòtù ń yí mọ́, sí i nínú. Bóòtù kan máa ń wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó wúwo lọ. Ẹ yọ ọ́, igi á fúyẹ́. Ẹ fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, igi á wúwo. Igi pool tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń wà láàárín ọ́ǹsì 18 sí 21, ìyẹn bíi gíráàmù 510 sí 595, torí náà lórí ọ́ǹsì kan tàbí méjì ni gbogbo wàhálà yìí dá lé.

Bóòtù mẹ́rin ló wà nínú páálí mi, láti ìdajì ọ́ǹsì dé ọ́ǹsì méjì, pẹ̀lú Allen key kan, ìyẹn kíì onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí bóòtù. Èyí tó kéré jù, alumíníọ́mù ni. Irin ni àwọn yòókù. Wọ́n gé tíréèdì wọn dáadáa, wọn kò ha èèyàn lọ́wọ́, wọ́n sì fi òróró díẹ̀ pa wọ́n lára kí wọ́n má baà dípẹtà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Allen key yẹn ni n kò lè yìn. Bóòtù máa ń jìnnà sínú ihò, kíì tí wọ́n fún mi sì kúrú débi pé ẹ̀yìn ìka mi ń ha ẹnu ihò kí n tó yí i dé ìdajì. Mo jù ú padà sínú páálí, mo sì lọ yá èyí tó gùn lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá ń ta ohun tí wọ́n ń yí nínú ihò yẹ kó mọ bí ihò ṣe jìn tó.

Títú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Rọ́bà tèmi ní súkúrù láàárín, síkúrúdíráfà kan ló yọ ọ́. Àwọn rọ́bà mìíràn wà tí wọ́n kàn tì wọlé, ẹ ó máa rọra mì ín sọ́tùn-ún sósì títí tí yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná fóònù sínú ihò. Bí ẹ bá rí ojú ihò onígun mẹ́fà tó ń dán, bóòtù nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pákó lásán ni ẹ rí, ẹ dá rọ́bà padà, ẹ má gbé dírìílì sún mọ́ ọn o. Àwọn igi alódindi tí wọ́n tò sára ògiri níbi ìgbafẹ́ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dí ìwúwo mọ́ wọn nínú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bóòtù àtijọ́ inú igi mi ṣe oríkunkun, wọ́n ti fi gúlúù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Mo gbé díráyà tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ìdí igi fún ìgbà díẹ̀, kò dé ibi tí fáníìṣì yóò ti rọ̀, ó sì gbà. Ìyàwó mi ní ṣé òde ni igi náà ń lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí rèé. Mo gbé gbogbo bóòtù náà sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn fúláwà kéèkì. Ọ́ǹsì kan lé díẹ̀ ní gíráàmù 28. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ǹsì 1 sí jẹ́ 26, èyí tí wọ́n kọ 2 sí jẹ́ 55, èyí tó yẹ kó jẹ́ 14 sì jẹ́ 11. Àwọn tó tóbi kò burú. Ti kékeré yẹn, ẹ̀tàn ni. Mo wá wọn bóòtù àtijọ́, ó jẹ́ 29. Ẹ ríran báyìí: bí mo bá yọ 29 tí mo sì fi 55 sí i, 26 péré ni mo fi kún igi, kì í ṣe ọ́ǹsì méjì tí wọ́n kọ sí bóòtù lára. Ẹni tí kò bá wọn èyí tó yọ kò lè mọ ohun tó ṣe.

Ọ̀nà kan tún wà láti tọ́ ọ wò kí ẹ tó náwó. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe báláǹsì táyà, wọ́n ní irin pẹlẹbẹ olóje tó ń lẹ̀, gíráàmù 5 àti 10. Ẹ lẹ mẹ́ta nínú oní-10 mọ́ ìdí igi, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wé e, kí ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kò rẹwà, àwọn ọ̀rẹ́ yín á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín á sọ òótọ́ fún yín.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi bóòtù tuntun gbá bọ́ọ̀lù, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbá a ni ó ń dún, mo sì ń gbọ́ ọ títí dé ọrùn ọwọ́. Bóòtù náà tinrín díẹ̀ ju ihò lọ ló fà á. Tẹ́ẹ̀pù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù ni mo wé mọ́ tíréèdì rẹ̀, mo sì yí i padà wọlé. Ariwo náà dákẹ́. Kí ẹ ṣọ́ra ṣá: bí bóòtù bá ti kan ìsàlẹ̀, ẹ má fi ipá yí i mọ́, pákó ìdí igi lè là.

Kí ló wá yí padà? Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbé igi lé ìka kan kó dúró gbọọrọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 47 sí ìdí rẹ̀ ló ti ń dọ́gba. Báyìí, 45. Sẹ̀ǹtímítà méjì kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ iwájú igi ti fúyẹ́, ọwọ́ ẹ̀yìn mi sì ti tú. Bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ tó máa ń kú sẹ́nu ihò ń wọlé dáadáa sí i. Ó ní ìyà tirẹ̀ o. Bí bọ́ọ̀lù funfun bá lẹ̀ mọ́ etí tábìlì, tí mo ní láti gbé ìdí igi sókè, mo ń mọ ìwúwo yẹn lára, bí alẹ́ bá sì ti ń lọ, èjìká mi máa ń rojọ́.

Ní ti agbára, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bọ́ọ̀lù pool kì í ju ọ́ǹsì 6 lọ, igi ti wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fi bóòtù kún un. Bí ọwọ́ bá yára bákan náà, kíkúrò láti ọ́ǹsì 19 sí 20 kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún eré bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ igi tó wúwo ń dín eré ọwọ́ kù, ó lè jẹ́ pé àdánù gan-an lẹ ó jẹ. Òfin WPA, àjọ tó ń ṣàkóso eré pool lágbàáyé, gba igi títí dé ọ́ǹsì 25, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń gbá èyí tó sún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ tíréèdì igi yín. Àwọn kan gba bóòtù tó fẹ̀ ní ìdajì ínǹṣì, tó ní tíréèdì 13 nínú ínǹṣì kan. Àwọn mìíràn gba èyí tó tinrín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínǹṣì, tíréèdì 16. Ọ̀pọ̀ igi ilé iṣẹ́ Predator ní ètò ìwúwo tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Uni-Loc, páálí yìí kò kàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbá fẹ́ gba bóòtù ọ́ǹsì 1 tó kù lọ́wọ́ mi, kò wọ tirẹ̀ rárá. Ẹni tó tà á fún mi kò kọ tíréèdì síbì kankan, mo fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, kò tíì dáhùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ká ní Allen key yẹn gùn ni, ì bá gba mẹ́rin.