Ẹ̀rọ Ìfa-Ọ̀rinrin Méjì fún Ilé Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Èbu Ń Bá Jà

Ẹni tó bá ní ilé tó ń gbé ọkọ̀ sí létí adágún yóò ti mọ̀ pé èbu kì í jìnnà sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Pákó á dúdú, ìgbòkun á ní àmì tótòtó, ẹ̀wù amúniléfòó á sì máa rùn. Ẹ̀rọ oríṣi méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń rà láti fi dènà rẹ̀: ẹ̀rọ oní-compressor, tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì, àti ẹ̀rọ oní-zeolite, tó ń fi èròjà agbomi fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tó sì ń fi ooru lé omi náà jáde. Mo ti ra méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ ni mo sì kábàámọ̀.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ilẹ̀ ilé náà. Bí omi adágún bá wọ inú ilé dé ibi tí ọkọ̀ ti ń léfòó, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, nítorí bó ṣe ń fà á ni omi ìsàlẹ̀ ń dá a padà. Ihò afẹ́fẹ́ ní ìsàlẹ̀ àti lókè ògiri méjèèjì ló yẹ irú ibẹ̀. Yàrá tó ṣeé tì pa, bíi yàrá ìgbòkun tàbí yàrá òkè, ni ẹ̀rọ wà fún.

Òtútù ni ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lówó. Iye lítà tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá tó gbóná dé 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Páálí ẹ̀rọ oní-compressor mi sọ pé 20 lítà ló ń fà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n irin tútù ni ẹ̀rọ yìí fi ń sọ ọ̀rinrin di omi, irin náà sì gbọ́dọ̀ tutù ju yàrá lọ. Nítorí náà, bí yàrá bá ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 15°C, yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í bo irin ọ̀hún, ẹ̀rọ á sì máa dúró láti yọ́ ọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò òtútù ni mo tàn án tọ̀sán-tòru, tí mo ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, díẹ̀ báyìí ni omi tí mo sì ń bá nínú rẹ̀. Mo gbà pé yàrá ti gbẹ ni. Ìgbà tí mo ra hygrometer kékeré kan, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ni mo tó rí i pé ọ̀rinrin wà ní 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbòkun méjì ti bu nígbà yẹn, gbogbo tìmùtìmù ọkọ̀ ni mo sì kó dànù.

Lítà 8 péré ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ oní-zeolite tí mo rà tẹ̀lé e, síbẹ̀ omi tó fà nínú òtútù ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ó ń ṣiṣẹ́ títí dé ìtòsí ibi tí omi ti ń dì, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde sì gbóná, èyí tí kì í jẹ́ kí ògiri làágùn. Ọ̀rinrin yàrá náà kò kọjá 55 mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ 60 ló yẹ kó wà.

Ẹ̀rọ oní-zeolite máa ń jẹ iná jù, òótọ́ ni. Ti compressor wúwo jù, ó sì ń pariwo jù. Ní ti ike oníyọ̀ calcium chloride, iyọ̀ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ láìlo iná, inú àpótí kékeré ló yẹ. Ẹ má gbé e sítòsí ẹ́ńjìnnì, nítorí omi inú rẹ̀ ń jẹ irin.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń pa èbu tó ti hù. Bílíìṣì dára lórí fiberglass àti gíláàsì, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ń wọ pákó tí a kò kùn, èbu á sì tún padà. Borax, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń fọ nǹkan, ife kan nínú omi lítà 4 ni mo fi ń fọ pákó, mo sì ń nù ún láìṣàn án, kí èyí tó kù lára rẹ̀ lè dí èbu lọ́wọ́. Ẹ lo ìbòmú N95, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ fínígà tàbí amóníà láéláé, nítorí èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé, ẹ má sì jẹ́ kí omi tí ẹ fi fọ nǹkan ṣàn sínú adágún.

Ẹni tí ibùdó rẹ̀ ń gbóná yípo ọdún, tàbí tó lè mú kí yàrá máa wà lókè 18°C, lè ra compressor kí ó sì fi owó iná pamọ́. Ẹni tó ń ti ilé pa lásìkò òtútù, tí kì í débẹ̀ lójoojúmọ́, zeolite ni kó rà. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ ọn kí omi lè máa jáde fúnra rẹ̀, ẹ fi hygrometer kọ́ sí igun tó tutù jù tó sì jìnnà sí ẹ̀rọ, kí ẹ sì yọ ẹ̀rọ náà lára iná ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì tún kì í bọ iná, láti mọ̀ bóyá yóò tan padà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ kì í tan lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì dé.