Ọjà Kirkgate ní ìlú Leeds: ibi tí ó yẹ kí ẹni tuntun kọ́kọ́ yà sí

Nígbà tí mo dé ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, àwọn tí wọ́n ti dé ṣáájú mi kọ orúkọ ilé ìtajà ńláńlá mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì sọ èyí tí ọjà rẹ̀ dínwó jù fún mi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó dárúkọ ọjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ra oúnjẹ ní àwọn ilé ìtajà wọ̀nyẹn kí n tó mọ̀ pé ọjà kan wà láàárín ìlú, ọjà gidi, níbi tí wọ́n ti ń polówó, tí wọ́n ti ń gé ẹja lójú ẹni tí ó fẹ́ rà á, tí wọ́n sì ti ń da ata àti èso sínú abọ́ tà. Ọjà Kirkgate ni. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń ná an, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ó dára níbẹ̀ àti ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, pàápàá jù lọ fún ẹni tí ó ń múra àtiwá láti ilé, tí ó sì rò pé gbogbo ohun tí òun yóò jẹ fún ọdún kan ni òun gbọ́dọ̀ dì sínú ẹrù wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ti rí, nítorí òun ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ilé ìtajà ńlá, ènìyàn yóò mú ohun tí ó fẹ́ lórí pẹpẹ, yóò gbé e kọjá níwájú ẹ̀rọ, yóò sanwó fún ẹ̀rọ, yóò sì máa lọ. Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mo jí, tí mo lọ ra búrẹ́dì àti ẹyin, tí mo padà sí yàrá mi, tí ilẹ̀ sì ṣú, láìsí ohùn kankan tí ó bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà àfi ti ẹ̀rọ tí mo sanwó fún. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ọjà Bódìjà, níbi tí ènìyàn kì í ti í kọjá níwájú ìsọ̀ láìsọ pé, ‘Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá,’ tí wọ́n á sì dá a lóhùn bí kò tilẹ̀ ní ra nǹkan kan. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìkíni wà lára ohun tí ó ń mú mi dúró, àfi ìgbà tí mo wá sí ibi tí n kò ti rí i gbà mọ́.

Vicar Lane àti George Street ni ọjà náà wà láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ìjọba ìlú ni ó sì ni ín. Ó wà lára àwọn ọjà abẹ́ òrùlé tí ó tóbi jù ní Yúróòpù. Ẹni tí ó bá gba Vicar Lane wọlé yóò bọ́ sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1904, èyí tí òrùlé onígíláàsì rẹ̀ ga fíofío, tí wọ́n kun àwọn ọ̀pó irin rẹ̀, tí àwọn dírágónì onírin sì fi èjìká gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè dúró. Bí ó bá wá ń rìn lọ sẹ́yìn, yóò rí i pé òrùlé ń rẹlẹ̀, ẹwà náà sì ń dínkù. Iná ni ó fa ìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, iná ńlá jó apá tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà, gbọ̀ngàn iwájú yọ nínú rẹ̀, àwọn gbọ̀ngàn ẹ̀yìn tí a ń rí lónìí sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1976 àti 1981. Ẹ má jẹ́ kí ìrísí ẹ̀yìn yẹn lé yín padà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ nílò fún ilé wà.

Aago ìrántí kan wà nínú ọjà náà tí mo máa ń dúró wò. Ó ń sọ nípa ọkùnrin Júù kan, Michael Marks, tí ó wá láti Slonim, ìlú kan tí ó wà ní Belarus lónìí, tí kò sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nígbà tí ó dé. Ọdún 1884 ni ó ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní ọjà yìí, ó sọ gbogbo ọjà rẹ̀ di pẹ́nì kan, ó sì kọ ọ́ sórí pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ béèrè iye, pẹ́nì kan ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Tom Spencer dara pọ̀ mọ́ ọn, ìsọ̀ yẹn ni ó sì di ilé ìtajà Marks & Spencer tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa ń wọ̀ mí lọ́kàn. Òun kò ní èdè, pátákó ni ó sì fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi gbọ́ èdè wọn kí n tó dé, ọ̀rọ̀ gan-an ni mo sì ń wá kiri.

Ìlà àwọn ẹlẹ́ja ni mo ti rí i. Orí yìnyín ni wọ́n ń to ẹja sí, ojú ẹja náà ń dán, kò dì rí. Mo béèrè Titus. Ọkùnrin tí ó dúró níbẹ̀, tí ó dàgbà ju bàbá mi lọ, sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ ẹja bẹ́ẹ̀ rí. Mo nawọ́ sí i, ó sì sọ pé mackerel ni. Ẹja tí mo ti ń jẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí ó ń dé bá wa ní dídì nínú páálí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i ní tútù, pẹ̀lú àwọn ilà dúdú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí omi ń rú. Ó wá béèrè bóyá kí òun gé orí rẹ̀ nù, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ orí, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ẹ́ fẹ́ rí egungun. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé nílé wa, bàbá ni ó ń jẹ orí ẹja. Ó dúró díẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ìsọ̀, ó gbé orí ẹja salmon ńláńlá méjì jáde, ó wé wọn, ó fi lé tèmi lórí, kò sì gba owó kankan. Èènì ni. Kò mọ orúkọ tí à ń pè é, ṣùgbọ́n èènì ni.

Mo pe ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò béèrè iye tí mo ra ẹja. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, ‘Ṣé o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?’ Mo ní mo dúpẹ́, mà. Wọ́n ní, ‘Nígbà náà, ibẹ̀ ni kí o máa lọ. O ti ní oníbàárà.’

Ẹni tuntun yóò gbọ́ pé àwọn òǹtajà ibẹ̀ ń pe ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ní ‘love’, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti àgbà. Kí ó má jẹ́ kí ó bà á lẹ́rù. Bí ìyá aláta ní Bódìjà ṣe ń pe ọmọkùnrin tí kò bí ní ‘ọkọ mi’ ni, àṣà agbègbè Yorkshire, níbi tí Leeds wà, ni. Bákan náà, bí wọ́n bá béèrè bóyá àlàáfíà ni ó wà, ìkíni ni wọ́n ń kí i, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sì tó láti fi dáhùn.

Ní ti ata àti ẹ̀fọ́, ìsọ̀ àwọn elésò àti àwọn tí ó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà àti Kàríbíánì ni kí ẹ lọ. Ata rodo wà níbẹ̀, ó sì máa ń ta lẹ́nu dáadáa. Tàtàṣé wa gan-an ni kì í sí, ata pupa gígùn tí wọ́n ń pè ní Romano ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn bí èso, omi rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná kí ẹ tó da epo sí i. Ẹ̀fọ́ spinach ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe ẹ̀fọ́ rírò. Ewédú ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ, torí inú fìríìsà àwọn Lárúbáwá ni mo ti rí i, ní gígé wẹ́wẹ́, tí wọ́n kọ molokhia sí lára páálí rẹ̀. Ewé kan náà ni, àwọn ará Íjíbítì náà ń sè é. Iṣu tí wọ́n ń tà, Gánà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, òṣùwọ̀n kílò ni wọ́n sì fi ń tà á. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba ni owó ẹni, ó lè ní kí wọ́n gé ìlàjì fún òun. Nígbà kan, mo ra odidi iṣu ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò mi láìwò ó yẹ̀ wò, inú rẹ̀ sì ti dúdú láti orí dé ìdí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí ìdí iṣu wò lójú mi kí n tó sanwó.

Nípa iye owó, ẹ má ṣe ná ọjà bí a ti ń ná an nílé. Wọ́n ti kọ iye sí ọ̀pọ̀ nǹkan lára, ẹni tí ó bá sì dá a sí ìdajì yóò dà bí ẹni tí ó ń bú òǹtajà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni àkókò. Nítorí pé wọn kì í ṣí ọjà lọ́jọ́ Àìkú, àwọn elésò kì í fẹ́ kí ọjà sùn mọ́ wọn lọ́wọ́, nígbà tí ó bá sì di ọ̀sán Sátidé, ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń pariwo abọ́ kan £1, ohun tí ó wà nínú abọ́ náà á sì máa ga sí i bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹni tí òfin físà kò gbà láyè láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́ mọ bí £1 ti tó. Ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa, torí orúkọ kan náà, ‘pound’, ni àwọn Òyìnbó fi ń pe owó wọn àti òṣùwọ̀n àtijọ́ kan tí kò tó ìdajì kílò, àwọn àgbà ọjà ṣì ń lò ó lẹ́nu.

Oore mìíràn tí ọjà yìí ṣe mí ni pé ó gba owó lọ́wọ́ mi nígbà tí n kò tíì ní káàdì. Báǹkì kan fi ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí àdírẹ́sì dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, owó tí mo kó wá sì wà nínú àpò mi tí n kò mọ ibi tí mo lè ná an sí ní ìrọ̀rùn. Ní Kirkgate, mo fi owó náà ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ onírun àti ìkòkò méjì, mo sì tún rí ẹni tí ó bá mi pààrọ̀ síìpù kóòtù. Ohun kan ṣoṣo tí n kò nílò ni èyí tí a fi ń so ẹ̀rọ mọ́ iná, nítorí púlọ́ọ̀gì oníka mẹ́ta tí a ń lò ní Nàìjíríà náà ni wọ́n ń lò.

Bí ó bá kan ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Wákàtí tí wọ́n fi ń ṣí i ni ó gba ìkarùn-ún lọ. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, Mọ́ńdè sí Sátidé, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì ti ń palẹ̀ mọ́ kí ó tó di àkókò yẹn. Ẹni tí ó ní kíláàsì títí di aago márùn-ún, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, kò ní rí i ná, bẹ́ẹ̀ irú wọn gan-an ni ó nílò rẹ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, òtútù apá ìta ọjà náà tí kò ní òrùlé sì le gan-an.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ lọ ní Sátidé àkọ́kọ́ yín, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kí èrò tó pọ̀. Ẹ mú àpò tiyín dání. Ẹ gba Vicar Lane wọlé, kí ẹ béèrè ìlà àwọn ẹlẹ́ja, kí ẹ kí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀ dáadáa kí ẹ tó nawọ́ sí ohunkóhun, bí ó bá sì gbé ọ̀bẹ, kí ẹ tètè sọ fún un pé kí ó má gé orí rẹ̀ nù.