Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní òun yóò bá yín gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè padà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti gbogbo agbègbè wa. Ọkùnrin kan wà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin Itakpe sí Warri lórí WhatsApp. Olè ni. Mo tún un sọ, olè ni. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yé yín pé ọmọ ilé wa ni, torí bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn.

Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ sí Warri fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ àbúrò mi. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Okene sí Auchi títí dé Benin kò ní bi mí pé kí ló dé tí a ò wọ mọ́tò. Òótọ́ ni pé àwọn ajínigbé ti dé ojú irin náà rí, gbogbo wa la gbọ́ bí wọ́n ṣe kó èrò ní ibùdókọ̀ tó wà ní Igueben ní oṣù Kínní ọdún 2023. Síbẹ̀, àwọn àgbà ilé ní rélùwéè ló fọkàn wọn balẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Itakpe, ó gba Ajaokuta, ó gba Agbor àti Abraka, ó di Ujevwu lẹ́bàá Warri. Ó lé ní 300 kìlómítà, ẹ ò sì ní kan ẹnikẹ́ni nínú igbó Auchi.

Ṣé mi ò lè lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra mi ni? Ohun tí ìyàwó mi ń bi mí láràárọ̀ nìyẹn. Láti Kàbà, èèyàn á kọ́kọ́ dé Okene kó tó dé Itakpe. Wọ́n ní a lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbé lẹ́tà wínníwínní orí fóònù mọ́. Ẹni tó fún mi ní nọ́ńbà olè náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ò lè jìn sí irú kòtò bẹ́ẹ̀, ta ni ẹ máa ń gbà gbọ́?

Olè náà gba orúkọ wa, ó gba NIN wa, ó gba owó. Tíkẹ́ẹ̀tì dé sórí fóònù, orúkọ oníkálukú wà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àga. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, mo pín in fún àwọn àgbà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ká a sínú àpò bíi pé páálí ìwé ẹ̀rí ni!

Lálẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ kí a gbéra, ó pè. "Bàbá, ẹ má bínú sà, wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ ọ̀la." Ara mi bù máṣọ. A ti di ẹrù, iṣu ti wà nínú àpò, àwọn obìnrin ti ṣerun. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òfin wà fún èrò ọkọ̀. Ó fi ìwé kan ránṣẹ́, òyìnbó kíkọ. Ó wà níbẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 15, ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan nínú owó yóò padà. Bó bá di 30, ìdajì. Bó bá pé wákàtí kan, gbogbo rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fagi lé e pátápátá, owó gbà-má-bínú yóò tún gun orí rẹ̀. Ẹ má pè é ní ojúkòkòrò. Ẹ̀tọ́ ni ó pè é, ìwé ló sì fi hàn mí.

Ó ní fọ́ọ̀mù owó náà jẹ́ ₦4,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo san ₦27,000. Mo san án! Lẹ́yìn náà ló ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù mi, pé kí n kà á fún òun kí owó lè wọlé. Mo kà á. Nígbà tí álẹ́ẹ̀tì fi dún, mo rò pé owó ló wọlé. Owó kajú tí mo tà, ₦186,000, ló jáde. Owó kajú odidi ọdún kan, ẹ̀yin èèyàn!

Ohun tó wá dùn mí ju owó lọ rèé. Mo ti pe àwọn àna wa láàárọ̀ pé wọ́n fagi lé ọkọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè padà pé ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin tó wọ ọkọ̀ náà ní Ajaokuta ti dé ọ̀dọ̀ àwọn lọ́sàn-án. Ọkọ̀ náà rìn! Kò sẹ́ni tó fagi lé nǹkan kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ wa kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ó kàn kọ orúkọ wa sórí ti ẹlòmíràn ni. Àwa la wá di òpùrọ́ lójú àna. Àbúrò mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí di òní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Leeds ló wo ìwé náà tó ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní Delay Repay lọ́hùn-ún ni, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í sì í ṣe títà. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 ni tiwa. Abala 130 rẹ̀ sọ pé ẹni tó sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣe é lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Bí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá tó tọ́ nínú owó rẹ̀ padà. Kò sí ti ìṣẹ́jú 15 níbẹ̀. Ká ní mo mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, mi ò bá ti já irọ́ rẹ̀. Àmọ́ ta ló ń kọ́ wa?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ibùdókọ̀ tàbí lórí ìkànnì àjọ rélùwéè fúnra rẹ̀, kí ọmọ yín bá yín tẹ̀ ẹ́. Bẹ́nikẹ́ni bá ní wọ́n fagi lé ọkọ̀, ẹ pe ibùdókọ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ dá owó padà fún yín kò ní kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná yẹ̀ lójú irin ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ rélùwéè fúnra rẹ̀ ló kéde pé òun yóò dá owó àwọn èrò padà. Bí wọn ò bá dá tiyín, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lẹ ó kọ̀wé sí. Nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ẹ má kà á fún ẹ̀dá kankan. Bí ẹ bá ti kà á, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì pa, ẹ má dúró dàárọ̀ bíi tèmi.

Ní tèmi o, mi ò gba ejẹ́ǹtì kankan gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ti rélùwéè, ti ilẹ̀ tàbí ti físà. Wọn ì báà pè mí ní aláìmọ̀kan, wọn ì báà ní mo ń fi ti ẹnì kan ba gbogbo wọn jẹ́. Ẹni tó fún mi ní nọ́ńbà ń sọ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n rí lójúkojú. Kí ló wá dé tó fi jẹ́rìí rẹ̀ fún mi?

Olè náà ti pààrọ̀ àwòrán orí WhatsApp rẹ̀, ó ti fi ti obìnrin kan sí i, ó sì tún ń polówó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwa tí olè náà ti jí owó wa fẹ́ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Kàbà. Bí ẹ bá wà lára wa, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì tọ́jú álẹ́ẹ̀tì yín àti gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má pa á rẹ́.