Ẹ fi òòlù lu ṣásí kẹ́ ẹ tó sanwó: ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra lọ́rì àlòkù láti kọ́ ilé lé

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá lọ́rì tẹ́ ẹ máa kọ́ ilé lé lórí, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó yọwó lápò. Oníṣòwò kan wà tó ń ta lọ́rì àlòkù, ohun tó sì fi ń polówó wọn ni pé wọ́n "ti ṣe tán fún ilé kíkọ́." Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣásí lọ́rì náà, ìyẹn egungun irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró lábẹ́, ti là kó tó tà á fún mi. Wọ́n jó irin bo ojú ibi tó là, wọ́n fi pọ́tì, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, dí i, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ ọkọ̀ títí tó fi ń dán. Oṣù méje gbáko ni mo fi kọ́ ilé lé e lórí kí àṣírí tó tú. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, torí ẹni tó ń ṣe irú òwò yìí lè fi orúkọ mìíràn jáde lọ́la. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Èmi fúnra mi ni mo gé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé náà, ó sì ń padé wẹ́kú lọ́jọ́ tí mo gbé e kọ́. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo fá etí rẹ̀ díẹ̀, ó padé. Mo wa lọ́rì jáde, mo padà dé, ó tún há. Mo tún fá a. Ní ìgbà kẹta, gíláàsì fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sán láti igun kan dé ìkejì, láìsí òkò, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ara mi ni mo dá lẹ́bi. Ẹni tó bá ti kọ́ ọkọ̀-ilé rí mọ̀ pé wọn kì í ṣe ṣásí lọ́rì kó dúró gbagidi. Wọ́n ṣe é kó lè máa lọ́ díẹ̀, bí táyà ọ̀tún bá gun òkè tí tòsì wọ kòtò. Ilé ní tirẹ̀ kì í lọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dè é pinpin mọ́ ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. A máa ń gbé e jókòó lé sípíríǹgì, tàbí ká fi ìdè mẹ́ta péré mú un, kí irin lè máa lọ́ lábẹ́ láìfa ògiri lọ́wọ́. Mo rò pé ìdè yẹn ni mi ò ṣe dáadáa. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tú bóòtù, tí mo ń dè é padà.

Nígbà tó sú mi, mo mú okùn tí bíríkìlà máa ń ta sára ògiri, mo so ó mọ́ ṣásí níwájú, mo fà á le dé ìdí. Lápá ọ̀tún, irin àti okùn jọ ń lọ tààrà. Lápá òsì, lẹ́yìn táńkì epo, irin ti rì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó ìbú ìka méjì.

Mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì fi ọ̀bẹ ha ibẹ̀. Ọ̀dà náà nípọn, ó ń ká lọ́wọ́ mi bí èèpo. Pọ́tì funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ pọ́tì, mo bá àwo irin kan tí wọ́n gé ní onígun mẹ́rin, tí wọ́n sì jó mọ́ ara ṣásí yípo. Ìsàlẹ̀ àwo irin yẹn gan-an, níbi tí ojú jíjó parí sí, ni ṣásí tún ti là lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ibi tó là yẹn kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè, ìpẹtà pupa sì ti ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Mo sùn sílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, mo ń wò ó, mo sì rántí pé ọmọ mi ti sùn nínú ilé yẹn lójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń sáré. Ara mi ṣì máa ń gbọ̀n tí mo bá rántí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: mi ò sọ pé gbogbo ṣásí tí wọ́n bá ti jó rí kò dára. Àwa tí a ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń fa ṣásí gùn, a sì máa ń gé e kúrú. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Àwo irin tó dáa máa ń gùn kọjá ojú ibi tó là dáadáa níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á sì gé etí rẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀, kí ẹrù lè máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá gé etí rẹ̀ ṣánṣán bíi ti tèmi, tí wọ́n sì jó o láti òkè délẹ̀, gbogbo wàhálà ṣásí á kó jọ sí ojú ìlà kan ṣoṣo, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti là. Bákan náà ni etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ṣásí, ìyẹn ibi pẹlẹbẹ tó yọ síta lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé ẹrù jù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́rì ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí ẹnikẹ́ni má lu ihò sí i, kó má sì jó nǹkan mọ́ ọn. Iná jíjó máa ń sọ irin tí wọ́n ti fi ooru mú le di rírọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àmì jíjó létí ìsàlẹ̀ ṣásí, ẹ fi lọ́rì náà sílẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Mo padà lọ bá oníṣòwò náà. Kò yà á lẹ́nu rárá, kò tiẹ̀ bínú. Ó ní èmi ni mo kó ẹrù pa lọ́rì náà, pé ilé tí mo kọ́ ti wúwo jù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó tí mo pàdánù lọ, torí pé mo ti wọn ẹrù mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìwọ̀n pákó, mo mọ ti sítóòfù, mo mọ̀ pé omi lítà 200 jẹ́ kìló 200 láìsí àfikún kankan. Mo wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn lọ́rì kí n tó kan òrùlé, mo sì tún lọ lẹ́yìn tí mo kàn án tán. Mi ò kọjá iye tí wọ́n kọ sára àwo kékeré ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, èyí tó ń sọ àpapọ̀ ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé.

Mo wálé, mo tún àwo kékeré yẹn wò dáadáa. Ó ti gbó, ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀, lẹ́tà ara rẹ̀ ti ń parẹ́. Ìṣó ribẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó dè é mọ́lẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹ gbọ́, báwo ni àwo á ṣe gbó tó bẹ́ẹ̀, tí ìṣó tó dè é á sì jẹ́ tuntun? Ara lọ́rì mìíràn tó tóbi ju tèmi lọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó mọ̀ pé ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé máa kọ́kọ́ wò ni iye tí ọkọ̀ lè gbé, ó sì ti bá mi pèsè èsì sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi àwo ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ṣásí fúnra rẹ̀, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀ títí á fi hàn, kẹ́ ẹ fi wé ti inú ìwé ọkọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ojú irin tó yí i ká bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Láti 1981 ni nọ́ńbà oníhóró 17, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, ti di ìlànà ní Amẹ́ríkà, wọn kì í sì í lo lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, torí kí èèyàn má baà kà wọ́n sí 1 àti 0. Lọ́rì tó ṣáájú àkókò yẹn máa ń ní nọ́ńbà tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹnì kan bá ní 1972 ni wọ́n ṣe lọ́rì òun, tó wá gbé nọ́ńbà oníhóró 17 jáde, ẹ béèrè ibi tó ti rí i. Tí orúkọ inú ìwé kì í bá ṣe tẹni tó ń tà á, ẹ ní kí onínǹkan fúnra rẹ̀ wá. Tèmi ní "ọ̀rẹ́ òun tó rìnrìn àjò" ló ni ín. Mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oníṣòwò náà ṣe mú mi, torí bó ṣe máa mú yín náà nìyẹn. Ìhà kan ṣoṣo lára lọ́rì náà ni ó ti ya gbogbo àwòrán rẹ̀. Nígbà tí mo ní mo ń bọ̀, ó béèrè aago tí mo máa dé gan-an, ó tún pè mí lójú ọ̀nà láti mọ ibi tí mo dé. Mo débẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó gbóná. Kò yẹ kí n tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó kì í lè parọ́ láàárọ̀ nígbà tó bá ṣì tutù: ibẹ̀ lẹ ti máa rí i tó ń jìjàkadì kó tó dìde, tí èéfín búlúù bá sì yọ, epo ẹ́ńjìnnì ló ń jó, tí funfun bá ń tú jáde tí kò dẹ́kun lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi rádíétọ̀ ti ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì máa ń da epo tó ki sínú rẹ̀ kó lè dákẹ́. Ọgbọ́n àtijọ́ kan tún wà tí wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú igi sínú gíábọ́ọ̀sì, kí jíà tó ti jẹ má baà pariwo lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má tan ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ dá.

Kò pẹ́ tí a dúró, fóònù rẹ̀ dún. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Mo san owó àsansílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, owó yẹn ló sì fọ́ mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti san án, mi ò wá àléébù mọ́. Àwáwí ni mo ń wá fún gbogbo ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Táyà, bí àpẹẹrẹ. Ojú wọn jinlẹ̀, wọ́n dúdú minimini. Ara táyà máa ń ní nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2308 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2008. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni, ó ti wà kí ọdún 2000 tó dé. Méjì nínú táyà tèmi ní nọ́ńbà mẹ́ta. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ fún ara mi pé màá pààrọ̀ wọn tó bá yá.

Ohun tó mú mi kọ èyí báyìí ni pé oníṣòwò náà ti ń tẹ̀ síwájú. Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti sọ fún mi pé lọ́rì tí wọ́n ti kọ́ ilé rẹ̀ dé ìdajì ló ń tà báyìí, tí wọ́n ti tẹ́ pákó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi irin ẹlẹ́fẹ̀lẹ́fẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wálẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé òun ti bá wọn ṣe iṣẹ́ tó le jù. Pákó tó tẹ́ yẹn kì í jẹ́ kéèyàn rí òkè ṣásí, irin ẹ̀gbẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn rí ìhà rẹ̀. Tó bá kọ̀ kẹ́ ẹ ṣí pákó mẹ́ta péré, ẹ má bá a dúnàádúrà mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀, òòlù kékeré, òòfà, ọ̀bẹ tẹ́ ẹ lè fi ha nǹkan, àti okùn gígùn. Ẹ mú aṣọ tẹ́ ẹ lè fi yílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dí táyà kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láéláé. Ẹ máa lu ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dá ṣáṣá máa ń dún ketekete, ohùn rẹ̀ á sì máa rìn lọ. Tẹ́ ẹ bá dé orí pọ́tì, ohùn á kú sábẹ́ òòlù. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì tó bá nípọn. Tí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bá ní ọ̀dà tuntun, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ ha ibi márùn-ún tí ẹ̀yin fúnra yín máa yàn. Èmi ì bá ra lọ́rì tí ìpẹtà hàn kedere lára rẹ̀ ju èyí tí wọ́n kùn lánàá lọ.

Tó bá jẹ́ bíréèkì afẹ́fẹ́ ló ní, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ géèjì. Ibi tó bá ń jò á sọ̀rọ̀.

Mo ti sọ ilé mi kalẹ̀ báyìí. Jáàkì mẹ́rin ni mo fi gbé e sókè, ó wà lórí ìtì igi, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti ń padé wẹ́kú padà. Lọ́rì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní tà á fún ẹnikẹ́ni bí ọkọ̀; màá tú u, màá ta ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, màá gé ṣásí náà sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i kùn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ dúdú tó ń dán, ẹ má dúró de ilẹ̀kùn. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lónìí, ẹ ha ẹ̀yìn táńkì epo lápá òsì, àti ọ̀gangan ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti gbá ṣásí mú ní ìhà méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti là, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó parí sí, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ọmọ wọlé sùn.